Màmá Jẹ́jẹ́lọlá Ògúnjìmí (1950–2025): Ìyá Tó Gba Ọmọ Rẹ̀ Lọ́wọ́ Oòrùn

Ìlú Ìgbòho, ní Òkè-Ògùn, ni orírun Màmá wa, Olóògbé Jẹ́jẹ́lọlá Ògúnjìmí. Agboolé Aláró ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1950. Baba wọn ni Olóògbé Sámúẹ́lì Ìtẹ́olúwakìṣí, tíṣà àti díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé kí ọmọ àgbẹ̀ lè mọ ìwé. Ìyá wọn ni Olóògbé Rèbékà Ìtẹ́olúwakìṣí, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí, tí ohùn wọn sì máa ń yọ gedegbe láàárín ẹgbẹ́ akọrin.

Ọmọ karùn-ún nínú ọmọ méje ni Màmá. Ìrọ̀rùn tí ìyá wọn fi bí wọn ló mú kí baba sọ wọ́n ní Jẹ́jẹ́lọlá, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu ọmọ yìí kò mọ jẹ́jẹ́. Ìbéèrè ni wọ́n fi ń jí, ìbéèrè ni wọ́n fi ń sùn. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n bi baba wọn pé kí ló dé tí iyọ̀ kì í jẹ́ kí ẹran tètè bàjẹ́. Baba ronú títí, wọn kò rí èsì. Wọ́n wá ra ìwé àjákọ kan fún ọmọ wọn pé kó máa kọ gbogbo ohun tí àwọn kò bá mọ̀ sínú rẹ̀, bóyá ẹnìkan á mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan.

Màmá ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìgbòho, wọ́n sì parí girama ní Ṣakí ní ọdún 1968. Wọ́n ṣe tíṣà fún ọdún méjì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni baba wọn fẹ́. Ní ọdún 1971, wọ́n dé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní Òjòò, lẹ́bàá gáréèjì, wọ́n sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ láàbù. Ní 1974, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú yìí gbà wọ́n síṣẹ́ ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wádìí ohun tó wà nínú ara ohun abẹ̀mí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1976 ni wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Olóògbé Olúwadáre Ògúnjìmí, olùkọ́ ìṣirò, ọmọ Ìgbòho bíi tiwọn. Yàrá méjì ni wọ́n gbà ní Agbowó. Bọ́láwárìn dé ní 1978, Ayọ̀kúnnúmi tẹ̀lé e ní 1980.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ Màmá, torí pé láìsí i, ìtàn yòókù kò ní yé ẹnikẹ́ni. Nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí ni okùn tín-ín-rín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA. Òun ni ọmọ fi ń jọ òbí, òun ni ara fi ń mọ bí yóò ṣe kọ́ ara rẹ̀. Màmá kàn ń pè é ní okùn ìran. Okùn méjì ló lọ́ mọ́ ara wọn, tí ohun tó wà lára ìkíní sì bá ti ìkejì mu. Iṣẹ́ Màmá ni kí wọ́n da okùn ìran sínú omi oníyọ̀, kí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì máa fi ooru kún un díẹ̀díẹ̀. Tí ooru bá dé ìwọ̀n kan, okùn méjèèjì á tú kúrò lára ara wọn. Tí wọ́n bá jẹ́ kí omi náà tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìkíní á wá ìkejì rí, wọ́n á sì tún lọ́ mọ́ ara wọn. Tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi, wọ́n á di ara wọn mú, ooru á sì pọ̀ sí i kí wọ́n tó tú. Iye ooru tí okùn kọ̀ọ̀kan fi tú ni Màmá máa ń kọ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ní 1981, ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní kí wọ́n máa tan iná kan sí okùn ìran kí wọ́n tó fi ooru sí i. Iná náà jẹ́ irú ìtànṣán inú oòrùn tí ojú kì í rí, tó sì ń jó ènìyàn lára. Màmá rí i pé okùn tí iná náà bá ti bà máa ń tú kí ooru tó dé ìwọ̀n tó yẹ. Iná ti lẹ ohun méjì tó wà nítòsí ara wọn pọ̀ lójú okùn kan, ibẹ̀ á wọ́, kò sì ní lè di ìkejì rẹ̀ mú dáadáa mọ́. Wọ́n tún kọ́ pé ara ènìyàn ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ tó ń gé ibi tó wọ́ náà kúrò, tí wọ́n á wo okùn kejì, tí wọ́n á sì fi ohun tuntun dí àlàfo náà. Ojoojúmọ́ ni oòrùn ń ba okùn ìran gbogbo wa jẹ́, ojoojúmọ́ ni ara ń tún un ṣe, a ò sì mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún 1984 ni Ọlọ́run fi Níyìolúwa ta Màmá lọ́rẹ. Ọmọ náà pé oṣù márùn-ún nígbà tí Màmá pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà Bódìjà láàárọ̀ Sátidé kan. Wọn kò lò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ojú àti apá ọmọ ti wú, awọ rẹ̀ sì ń bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kó tó san. Nígbà tó máa pé ọdún méjì, àmì dúdú wínníwínní ti kún ojú rẹ̀, kò sì lè la ojú síta tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Àwọn ará ilé ní ẹ̀ẹ̀yi ni. Àwọn mìíràn ní aráyé ló ṣe é.

Ohun tó wà lọ́kàn Màmá burú ju gbogbo ìyẹn lọ. Ìdí iná láàbù ni wọ́n wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi lóyún Níyìolúwa. Wọ́n gbà pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n jó ọmọ àwọn nínú oyún, pé ohun tí wọ́n ń rí nínú omi oníyọ̀ ni wọ́n wá ń rí lójú ọmọ wọn. Wọ́n bẹ̀ kí wọ́n gbé àwọn kúrò nídìí iná náà, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá kankan. Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé ẹrù yìí láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Bàbá wá mọ̀, ìbànújẹ́ mú wọn sọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n sọ.

"Ṣé o ò lè tọrọ iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wọn nígbà tí o lóyún ni?"

Bàbá kó aṣọ díẹ̀, wọ́n lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Àpáta, oṣù méje gbáko. A kò fi èyí pamọ́, torí Bàbá fúnra wọn kò fi pamọ́ nígbà ayé wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1987, àwọn ẹbí Bàbá pe ìpàdé sí Agbowó. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kò ṣòro láti mọ̀: kí Màmá kó ẹrù wọn, kí wọ́n máa gbé ọmọ tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn bà jẹ́ lọ sí ilé baba wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Mùsílímátù láti Ìgbòho, àbúrò baba Bàbá, tó jẹ́ àgbà ilé nígbà náà, kí ọ̀rọ̀ náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyá àgbà náà jókòó, wọ́n ní àwọn kò ní dá ẹjọ́ ọmọ tí àwọn kò tíì rí. Wọ́n gbé Níyìolúwa wá fún wọn. Wọ́n tú aṣọ lára rẹ̀, wọ́n wo ojú, wọ́n wo etí, wọ́n wo ẹ̀yìn ọwọ́. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀.

"Mo ti rí ara báyìí rí," ni wọ́n wí. "Àbúrò mi méjì ló ní in, Sàlámì àti Ràbí. Ọ̀kan ò pé ọdún mẹ́sàn-án, ìkejì ò pé mẹ́tàlá. Oòrùn ló jẹ wọ́n tán. Iná láàbù wo ló wà ní Ìgbòho nígbà náà?"

Màmá kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n sì béèrè ohun kan péré: agboolé wo ni ìyá Sàlámì àti Ràbí ti wá? Ìyá Mùsílímátù ní agboolé Aláró ni.

Agboolé Màmá nìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ okùn ìran kò nílò àlàyé mọ́. Ohun tó wà lára ọmọ yìí ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ilé méjèèjì kí wọ́n tó bí Màmá, kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹ̀rọ oníná kan sílẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sunkún, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹkún ọjọ́ náà kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Wọ́n ní ó rí bí àyà ènìyàn ṣe máa ń fúyẹ́ tí ó bá sọ ẹrù igi tó ti rù láti oko kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé Níyìolúwa lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara kan, Dókítà Mánsúrù, ẹni tó mú ìdí náà wá sójú gbangba. Ẹ̀dà méjì ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ní nínú okùn ìran rẹ̀, ti àṣẹ tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá ní ẹ̀dà kan tó bàjẹ́, baba náà ní ọ̀kan, ìkejì tó dára sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọmọ tó bá gba èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kò ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún okùn ìran ṣe. Ibi tí oòrùn bá bà jẹ́ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà. Dókítà náà kò fi òótọ́ pamọ́: kò sí oògùn, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ ń mú, wọn kì í sì í sábà pé ogún ọdún.

Bàbá dé láti Àpáta lọ́jọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.

"Màmá Bọ́láwárìn, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ wọlé," ni Màmá dá wọn lóhùn. "Ẹ wá bá mi kan kọ́tìnnì."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá ní bí ara ọmọ yìí kò bá lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, àwọn kò ní jẹ́ kí nǹkan kan bàjẹ́. Wọ́n padà sí láàbù, wọ́n ní kí wọ́n dá àwọn padà sídìí iná tí wọ́n ti sá fún. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, wọ́n á gbé okùn ìran sábẹ́ aṣọ kan, wọ́n á tan iná sí aṣọ náà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ooru sí okùn náà láti mọ̀ bóyá ó tú ṣáájú àkókò. Léèsì ya wọ́n lẹ́nu, ńṣe ni iná ń gbà á kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà. Ànkárá ẹyọ kan kò tó. Ànkárá onílọ́po méjì dára, jíìnsì dúdú sì dára jù: okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tú àfi ìgbà tí ooru dé ìwọ̀n tó yẹ gan-an. Màmá sáré gbé ìròyìn náà lọ bá Arábìnrin Fúnlọ́lá, aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì sí wa ní Agbowó. Òun ló rán fìlà onígbòòrò tó ní ìbòjú, ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, àti aṣọ gígùn fún Níyìolúwa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi rán an, ó sì ń fi ìdàgbà ọmọ náà tún wọn ṣe lọ́dọọdún.

Wọ́n fi bébà dúdú bo gíláàsì ilé. Bàbá kọ́ Níyìolúwa ní ìwé fúnra wọn títí ó fi pé ọdún mọ́kànlá, kí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Bódìjà tó gbà láti bo fèrèsé kíláàsì kan nítorí rẹ̀. Tí oòrùn bá wọ̀ ni wọ́n á ṣílẹ̀kùn, tí yóò sáré jáde bá àwọn ọmọ àdúgbò nínú ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó kù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láti gé ohun tó hù lójú rẹ̀ kúrò, wọ́n sì rí i kí ó tó burú ní ẹ̀ẹ̀marààrún, torí kò sí alẹ́ Sọ́ńdè kan tí Màmá kì í fi awò wo awọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Kristẹni tòótọ́ ni Màmá. Láti 1979 ni wọ́n ti jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Bódìjà, wọ́n sì yàn wọ́n ní díákónì obìnrin ní 1998. Àwọn kan ń sọ fún wọn pé àìnígbàgbọ́ ni ìbòjú tí wọ́n fi bo ọmọ. Màmá kì í bá wọn jiyàn. Wọ́n kàn máa ń sọ pé Ọlọ́run tó dá àwọn òṣìṣẹ́ sínú ara ènìyàn náà ló dá ọgbọ́n rírán aṣọ.

Ní 1994, Bàbá àti Màmá kó sí ilé tí wọ́n kọ́ ní Mọ́níyà. Inú ilé yìí ni àwọn òbí mìíràn ti ń wá wọn, torí Dókítà Mánsúrù máa ń darí ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní irú àìsàn náà sọ́dọ̀ wọn. Ìdílé mẹ́tàlá ni Màmá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bo ilé àti bí wọ́n ṣe ń yan aṣọ. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan kí ó tó jókòó ni pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Islamiat, tí wọ́n gbé wá láti Òjòò ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ti di akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin báyìí. Ó wà láàárín wa lónìí.

Níyìolúwa kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń bá àwọn ilé ìtẹ̀wé ní Ring Road yẹ ìwé wò. Ó lọ́kọ ní ọdún 2013. Nígbà tó lóyún ní 2017, ẹ̀rù tí a rò pé ó ti kú jí padà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ wò, wọ́n sì ní kò ní ẹ̀dà tó bàjẹ́ kankan, pé ọmọ kò lè ní àìsàn náà. Màmá ka èsì náà, wọ́n sì gbà á gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Adéyínká pé oṣù mẹ́ta, wọ́n pọ̀n ọ́n jáde sí àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró nínú oòrùn fún ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wo ojú rẹ̀ láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú ọmọ ń dán bí ti tẹ́lẹ̀. Màmá gbé e fún ìyá rẹ̀, wọ́n ní kí ó gbà á, pé ebi ń pa àwọn. Odindi àwo iyán ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà.

Bàbá ṣíwájú wọn lọ ní 2016. Ọkàn ló ń yọ Màmá lẹ́nu láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n ara kò ni wọ́n púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n di ọwọ́ Níyìolúwa mú lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ ni o máa sin mí," ni wọ́n wí fún un. "Kì í ṣe èmi ni mo máa sin ọ́. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún látọjọ́ yìí nìyẹn, ó sì ti ṣe é."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, Màmá mí èémí ìkẹyìn ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. A sunkún, a kò sì ní parọ́, ara tù wá pẹ̀lú. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ọmọ tí wọ́n ní kò ní pé ogún ọdún sì ti pé ọdún mọ́kànlélógójì.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ láyé ni: Bọ́láwárìn, tó jẹ́ ẹnjiníà, Ayọ̀kúnnúmi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Níyìolúwa, ọkọ ọmọ méjì àti ìyàwó ọmọ kan, ọmọ-ọmọ méje, tí Adéyínká ọmọ ọdún mẹ́jọ jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, àbúrò méjì ní Ìgbòho, àti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn kò bí nínú, tó jẹ́ pé aṣọ àti ìbòjú ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ẹ ń béèrè ìdí tí a fi fi ìsìnkú sí agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ẹ má bínú sí wa. A fẹ́ kí Níyìolúwa lè dúró létí sàréè láìsí fìlà, láìsí ìbọ̀wọ́, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu erùpẹ̀ sí ìyá rẹ̀, kí gbogbo ayé sì rí ojú rẹ̀.

Màmá, ẹ ṣeun. Ilẹ̀ Mọ́níyà á rọ̀ yín lára. Oòrùn ti wọ̀, Níyì sì wà níta. Ẹ sùn re.